Àfonífojì Yosemite: Àwọn Tí Ó Ni Ín àti Àwọn Tí Ó Rìn Ín



Ní ọdún 1929, arúgbó obìnrin kan padà wọ inú àfonífojì kan ní ilẹ̀ Kalifóníà, ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Totuya ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ-ọmọ Tenaya ni í ṣe, ẹni tí ó jẹ́ olórí àwọn ènìyàn àfonífojì náà ní ìgbà àtijọ́. Ọmọdé ni nígbà tí àwọn ọmọ ogun lé òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ jáde ní ọdún 1851. Nígbà tí ó padà wá, ọdún 78 ti kọjá. Ó bá ọ̀nà ọkọ̀ níbẹ̀, ó bá ilé àlejò, ó sì bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá láti fi ẹsẹ̀ rìn láàárín àwọn òkè tí òkìkí ẹwà wọn ti kàn ká ayé. Ẹnikẹ́ni ìbá rò pé inú rẹ̀ yóò dùn sí ohun tí ó rí. Ṣùgbọ́n a kọ ọ́ sílẹ̀ pé obìnrin náà wí pé ilẹ̀ náà ti dọ̀tí, igbó sì ti kún un jù.

Ọ̀rọ̀ obìnrin yìí ni èmi yóò fi ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ mi ní alẹ́ yìí. Àwọn arìnrìn-àjò a máa yin Yosemite gẹ́gẹ́ bí ibi tí ọwọ́ ènìyàn kò kàn rí. Ẹni tí a bí síbẹ̀ wò ó, ó sì wí pé a kò tọ́jú rẹ̀. Nínú àwọn méjèèjì, ta ni ó ríran? Bí a bá lè dáhùn ìbéèrè yìí, a ó ti kọ́ ohun kan tí yóò ṣe wá ní àǹfààní níbikíbi tí ẹsẹ̀ wa bá gbé wa dé.

I. Bí Ilẹ̀ Náà Ti Rí

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi ojú inú wo ibẹ̀. Ọ̀wọ́ òkè gíga kan wà tí a ń pè ní Sierra Nevada, tí ó na gbọọrọ láti àríwá dé gúúsù ní ìhà ìlà-oòrùn Kalifóníà. Àárín rẹ̀ ni àfonífojì Yosemite wà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí máìlì 7. Níbi tí ó gbé fẹ̀ jù, kò ju nǹkan bí máìlì 1 lọ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní, odò Merced sì ń ṣàn gba àárín rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ní ọ̀tún àti ní òsì, òkúta gíráníìtì dìde dúró gangan bí ògiri. Èyí tí a ń pè ní El Capitan ga tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà láti ìdí dé orí. Èyí tí a ń pè ní Half Dome dà bí igbá tí a là sí méjì, tí a sì da ojú ìlà rẹ̀ kọ àfonífojì. Ó fi nǹkan bí 4,800 ẹsẹ̀ bàtà ga ju ilẹ̀ ìsàlẹ̀ lọ. Omi Yosemite a máa já láti òkè ní ìpele mẹ́ta, àpapọ̀ ìjábọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 2,425 ẹsẹ̀ bàtà. Nígbà tí òjò dídì orí òkè bá ń yọ́, ariwo rẹ̀ a máa gba gbogbo àfonífojì kan. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì pẹ́, omi náà a máa gbẹ tán nígbà mìíràn.

Kí ni ó gbẹ́ irú ihò ńlá bẹ́ẹ̀? Odò ni ó kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ni yìnyín dé. Ní ayé àtijọ́, òtútù pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òjò dídì fi ń kó jọ lórí òkè wọnnì láìyọ́, títí ó fi di òkìtì yìnyín tí ń fà lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí odò tí ó lọ́ra. Odò yìnyín yìí kó òkúta sínú ara rẹ̀, ó sì ń fi wọ́n fá ẹ̀gbẹ́ àfonífojì bí gbẹ́nàgbẹ́nà ti ń fi ìfági fá pákó. Ó mú àfonífojì ńlá jìn, ṣùgbọ́n àwọn àfonífojì kéékèèké tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kò jìn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí yìnyín sì yọ́ lọ, àwọn odò kéékèèké náà kò rí ọ̀nà mìíràn gbà ju pé kí wọ́n máa já láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ìdí nìyí tí omi tí ń já fi pọ̀ níbẹ̀.

II. Àwọn Onílẹ̀

Àwọn onílẹ̀ a máa pe àfonífojì wọn ní Ahwahnee, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe ibi tí ó la ẹnu, bí àwọn onímọ̀ èdè ti wí. Nítorí náà ni a ṣe ń pe àwọn tìkára wọn ní Ahwahneechee. Wọn kò dá oko bí àwa ti ń dá a, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé wọn kò tọ́jú ilẹ̀ wọn. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ fi sí ọkàn nípa wọn: oúnjẹ wọn, iná wọn, àti ọ̀nà wọn.

Oúnjẹ wọn jù lọ ni èso igi óákù. Nígbà ìkórè, àwọn obìnrin a ṣa á sínú agbọ̀n, wọn a sì kó o sí àká tí a gbé ró lórí òpó kí ẹranko má bà á jẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́, wọn a pa á, wọn a sì gún un nínú ihò tí wọ́n ti dá sí ojú òkúta, nítorí pé òkúta gan-an ni odó wọn. Èso náà korò, kò ṣe é jẹ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà wọn a da omi lé ìyẹ̀fun rẹ̀ léraléra títí ìkorò yóò fi ṣàn lọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ kí ohun búburú inú rẹ̀ lè jáde. Lẹ́yìn èyí, wọn a sè é nínú agbọ̀n tí a hun dí tó bẹ́ẹ̀ tí omi kò lè jò, nípa jíju òkúta gbígbóná sínú rẹ̀. Ihò odó wọnnì ṣì wà lójú òkúta ní Yosemite títí di òní.

Ohun kejì ni iná. Nígbà tí koríko bá gbẹ, wọn a máa ti iná bọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìmọ̀. Iná náà a jó àwọn ọmọ igi páìnì àti kédárì tí ìbá gba pápá. Igi óákù àgbà a sì rí ààyè so èso púpọ̀. Koríko tútù a hù, àgbọ̀nrín a wá jẹ ẹ́. Ọ̀pá títọ́ a rú jáde láti ìdí igi, àwọn obìnrin a sì fi hun agbọ̀n. Pápá tí ó tẹ́ rẹrẹ, tí àwọn àlejò rí tí wọ́n rò pé ó wà bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn wà nínú rẹ̀ láti ìran dé ìran.

Ohun kẹta ni ọ̀nà. Àwọn Ahwahneechee a máa gun òkè lọ sí ìlà-oòrùn láti bá àwọn ènìyàn Paiute ṣe òwò. Wọn a gbé èso óákù lọ. Wọn a sì gba iyọ̀, èso igi páìnì, àti òkúta dúdú tí ń dán bí dígí, èyí tí a fi ń ṣe orí ọfà. Ibi tí ọ̀nà náà gbé gba orí òkè kọjá ga ju 10,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ẹrù wà ní ẹ̀yìn wọn, okùn rẹ̀ sì wà ní iwájú orí wọn. Nítorí náà, kí a tó bí ẹni tí ó ń gbé ẹrù kọ́ ẹ̀yìn rìn ní Yosemite fún ìgbádùn, àwọn mìíràn ti ń gbé ẹrù rìn níbẹ̀ fún oúnjẹ òòjọ́ wọn.

III. Ogun Ọdún 1851

Ní oṣù Kìíní ọdún 1848, a rí wúrà ní Kalifóníà. Láàárín ọdún kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wọ́ lọ síbẹ̀ bí eéṣú. Wọ́n gé igi óákù, wọ́n da odò rú nítorí wúrà, wọ́n sì gba ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Nígbà tí àwọn onílẹ̀ dìde tí wọ́n kọlu ilé ìṣòwò oníṣòwò kan tí ń jẹ́ James Savage ní ìparí ọdún 1850, ìjọba Kalifóníà fi àṣẹ sí i pé kí a kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun jọ. Nǹkan bí ọkùnrin 200 ni wọ́n, Savage fúnra rẹ̀ sì ni olórí wọn.

Ní òpin oṣù Kẹta ọdún 1851, wọ́n wọ inú àfonífojì náà. Tenaya ti jáde wá pàdé wọn lójú ọ̀nà ní òun nìkan, ó sì ti gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ dá wọn dúró. Nígbà tí wọ́n dé abúlé, àwọn ènìyàn ti sá gun orí òkè. Arúgbó obìnrin kan tí kò lè sá ni wọ́n bá. Wọ́n finá sí ilé àti sí àká èso óákù, oúnjẹ ọdún kan sì di eérú. Ní oṣù Karùn-ún, àwọn ọmọ ogun padà wá. Wọ́n mú ọmọkùnrin Tenaya mẹ́ta, wọ́n sì yin ìbọn pa èyí tí ó kéré jù níbi tí ó gbé fẹ́ sá lọ. Nígbà tí a mú bàbá rẹ̀ dé, òkú ọmọ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ rí. Òkúta mẹ́ta kan wà níbẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun sọ ní orúkọ àwọn arákùnrin mẹ́ta yìí. Àwọn arìnrìn-àjò sì ń ya àwòrán rẹ̀ títí di òní, púpọ̀ nínú wọn kò mọ ìdí orúkọ náà.

Oníṣègùn kan wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà tí ń jẹ́ Lafayette Bunnell. Òun ni ó dá a ní ìmọ̀ràn pé kí a pe àfonífojì náà ní Yosemite. Òun náà ni ó sọ fún Tenaya, ní etí adágún kan lórí òkè níbi tí a gbé mú ìyókù àwọn ènìyàn rẹ̀, pé a ó fi orúkọ Tenaya pe adágún náà kí a má bà a gbàgbé rẹ̀. Tenaya dá a lóhùn pé adágún náà ti ní orúkọ. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ìdáhùn yìí. Ẹni tí ó fún un ní orúkọ rò pé ọlá ni òun ń ṣe fún un. Ṣùgbọ́n kí ni ọlá jẹ́ fún ẹni tí a gba ilé rẹ̀, tí a pa ọmọ rẹ̀, tí a wá fi orúkọ rẹ̀ sí ibi tí kò ní ààyè láti gbé mọ́? Tenaya kú ní ọdún 1853.

IV. Àwọn Àlejò àti Òfin

Ní ọdún 1855, ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn ogun náà, James Hutchings kó àwọn àlejò àkọ́kọ́ wá láti wo ẹwà ibẹ̀. Àwọn onílẹ̀ ni wọ́n gbà láti fi ọ̀nà hàn wọ́n. Ní ọdún 1857, Galen Clark, ẹni tí àrùn ẹ̀dọ̀fóró ti mú títí a fi sọ fún un pé ikú rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, wá kọ́ ilé sí etí igbó lẹ́bàá Yosemite. Afẹ́fẹ́ òkè àti ìrìn ẹsẹ̀ bá a lára mu tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi wà láàyè títí di ọdún 1910, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó pé ẹni ọdún 96.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1864, nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ń jó lọ́wọ́, Ààrẹ Abraham Lincoln fi ọwọ́ sí òfin pé kí a fi àfonífojì Yosemite àti igbó igi ńláńlá tí ó wà nítòsí rẹ̀ lé ìpínlẹ̀ Kalifóníà lọ́wọ́, láti pa á mọ́ fún gbogbo ènìyàn títí láé. Lincoln kò fi ojú kan ibẹ̀ rí. Òfin ńlá ni, a sì gbọ́dọ̀ yìn ín, nítorí láti inú rẹ̀ ni ìmọ̀ràn àwọn ọgbà orílẹ̀-èdè ti hù jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń ṣe é, kò sí ẹni tí ó bi àwọn Ahwahneechee léèrè. Díẹ̀ nínú wọn ti yọ́ padà wá sí ilẹ̀ bàbá wọn. Àwọn obìnrin wọn ń fọ aṣọ ní ilé àlejò, àwọn ọkùnrin wọn ń la igi ìdáná, wọ́n sì ń ṣe amọ̀nà. Ní nǹkan bí ọdún 1891, wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba ilẹ̀ Amẹ́ríkà pé kí a san owó ilẹ̀ wọn fún wọn. A kò san án.

V. John Muir, Arìnrìn-ẹsẹ̀

Nísinsìnyí a dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú ìtàn yìí. A bí John Muir ní Dunbar, ní Sìkọ́tílándì, ní ọdún 1838. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 11, bàbá rẹ̀ kó ìdílé wọn lọ sí Amẹ́ríkà. Bàbá náà le púpọ̀. Ó mú kí ọmọ rẹ̀ kọ́ gbogbo Májẹ̀mú Titun àti apá tí ó pọ̀ jù nínú Májẹ̀mú Láéláé sórí, pàṣán sì ni olùkọ́. Títí ó fi kú, èdè Bíbélì ni ó ń jáde ní ẹnu Muir nígbàkígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀ òkè àti igi.

Ní ọdún 1867, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan, irin ṣá a ní ojú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́jú. Nígbà tí ojú náà san, ó pinnu pé ohun tí Ọlọ́run dá ni òun yóò máa fi ojú náà wò. Ó fi ẹsẹ̀ rìn nǹkan bí 1,000 máìlì lọ sí Florida. Ibà sì dá a dùbúlẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1868, ó dé San Francisco, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ lọ sí Yosemite. Ní ọdún kejì, ó bá wọn da àgùntàn lọ sí orí òkè. Lẹ́yìn èyí ni ó ń rìn kiri ní òun nìkan, tòun ti búrẹ́dì díẹ̀ àti tíì díẹ̀ nínú àpò, àti ìwé kékeré tí ó so mọ́ ìgbànú rẹ̀.

Ìrìn rẹ̀ kì í ṣe ìrìn asán. Josiah Whitney, tí í ṣe olórí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní Kalifóníà, ti kọ́ni pé ilẹ̀ ni ó rì lójijì tí àfonífojì náà fi wà. Muir rí ojú òkúta tí a fá dán, ó rí òkìtì òkúta tí a kó jọ sí ibi tí omi kò lè gbé e dé, ó sì wí pé odò yìnyín ni. Whitney kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1871, Muir rí odò yìnyín tí ó ṣì ń rìn lórí òkè. Ìmọ̀ ìgbà tiwa ti fi hàn pé nínú ọ̀ràn yìí, ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ náà sún mọ́ òtítọ́ ju ọ̀mọ̀wé náà lọ.

Muir rí i pẹ̀lú pé agbo àgùntàn ń jẹ koríko orí òkè tán. Ó kọ̀wé, ó sọ̀rọ̀; ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1890, ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin sọ ilẹ̀ ńlá tí ó yí àfonífojì náà ká di ọgbà orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 1892, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Sierra Club sílẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1903, Ààrẹ Theodore Roosevelt bá a sùn ní ìta fún òru mẹ́ta. Ní ọdún 1906, àfonífojì náà bọ́ sí abẹ́ ìjọba àpapọ̀.

Gbogbo èyí ni a gbọ́dọ̀ fi ọlá fún un. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ọkùnrin tí ó lè ka ìtàn yìnyín lójú òkúta kò lè ka ìtàn ènìyàn lójú pápá. Nínú ìwé tí ó kọ nípa ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí òkè, ó sọ̀rọ̀ ẹ̀gàn nípa àwọn onílẹ̀ tí ó pàdé, bí ẹni pé wọn kò yẹ ibi tí ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2020, ẹgbẹ́ tí ó dá sílẹ̀ jẹ́wọ́ ní gbangba pé ọ̀rọ̀ tí ó sọ nípa àwọn onílẹ̀ àti àwọn adúláwọ̀ kò tọ́.

VI. Àwọn Adúláwọ̀ Tí Ó Ṣọ́ Ibẹ̀

Òfin ọdún 1890 kò ní ẹ̀ṣọ́. Nítorí náà láti ọdún 1891 ni a ti ń rán àwọn ọmọ ogun lọ ṣọ́ ọgbà náà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ọdún 1899, 1903 àti 1904, àwọn ọmọ ogun adúláwọ̀ ni a rán lọ. Láti San Francisco, wọ́n gun ẹṣin fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó dé Yosemite. Wọ́n pa iná igbó, wọ́n mú àwọn tí ń pa ẹran láìgba àṣẹ, wọ́n sì la ọ̀nà. Bí wọ́n bá mú darandaran tí ó da àgùntàn wọ inú ọgbà, wọn a sin àgùntàn jáde ní ìhà kan, wọn a sì sin olówó rẹ̀ jáde ní ìhà kejì, tí ó jẹ́ pé kí ó tó rí agbo rẹ̀ kó jọ, ìgbà ìjẹko ti kọjá. Ní ọdún 1903 kan náà, Kapteni Charles Young, ẹni tí a bí sí oko ẹrú ní Kentucky ní ọdún 1864, ni olórí ọgbà Sequoia tí ó wà ní ìhà gúúsù. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ la ọ̀nà ọkọ̀ wọ inú igbó àwọn igi ńláńlá. Àwọn òṣìṣẹ́ láti ilẹ̀ Ṣáínà pẹ̀lú ti la ọ̀nà Tioga gba orí òkè Yosemite kọjá ní ọdún 1883. Fún ìgbà pípẹ́, ẹni tí ń rìn lójú ọ̀nà wọ̀nyí kì í gbọ́ orúkọ àwọn tí ó fi òógùn là á.

VII. Àfonífojì Tí Ó Rì

Nínú ọgbà kan náà, ní ìhà àríwá, àfonífojì mìíràn wà tí a ń pè ní Hetch Hetchy. Òun pẹ̀lú ní ògiri òkúta, ó ní omi tí ń já, ó ní pápá àti igi óákù. Àwọn onílẹ̀ a máa wá ṣa oúnjẹ níbẹ̀. Muir a máa pè é ní ìbejì Yosemite. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní San Francisco ní ọdún 1906, tí iná sì jó ìlú náà, igbe omi pọ̀ sí i, àwọn olórí ìlú sì tẹ ojú mọ́ Hetch Hetchy pé níbẹ̀ ni àwọn yóò mọ dáàmù sí. Muir jà títí. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún 1913, Ààrẹ Woodrow Wilson fi ọwọ́ sí òfin tí ó gba ìlú náà láàyè. Muir kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1914. Dáàmù náà parí ní ọdún 1923. Ní ọdún 1934, omi rẹ̀ dé San Francisco.

Mo fẹ́ kí a ṣe ìdájọ́ òdodo níhìn-ín. Ìlú tí iná ti jó, tí ó ń tọrọ omi, kò ṣe ohun àjèjì. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé ohun tí ó bá Tenaya ní ọdún 1851 ni ó bá Muir ní ọdún 1913: àwọn tí ó ní agbára jù wí pé àwọn yóò lo ilẹ̀ náà sàn ju àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ lọ.

VIII. Ọ̀nà Ẹlẹ́sẹ̀ àti Igbó Tí Ó Kún

Lẹ́yìn ikú Muir, ìpínlẹ̀ Kalifóníà bẹ̀rẹ̀ sí la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan ní ọdún 1915 láti fi ṣe ìrántí rẹ̀. Ó parí ní ọdún 1938. Ọ̀nà náà gùn ní 211 máìlì, láti àfonífojì Yosemite títí dé orí òkè Whitney, òkè tí ń jẹ́ orúkọ ọ̀mọ̀wé tí ó kẹ́gàn Muir. Ẹni tí yóò rìn ín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ. Ó gbọ́dọ̀ gbé oúnjẹ, aṣọ òtútù àti àgọ́ rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn. Ó sì gbọ́dọ̀ tọ́jú oúnjẹ sínú agolo líle kí béárì má bà a jí i jẹ ní òru. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni àwọn ẹlòmíràn a lò lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ní ibi púpọ̀, ojú ọ̀nà yìí gba ipa ẹsẹ̀ tí àwọn Paiute àti àwọn aládùúgbò wọn ti tẹ̀ ṣáájú, nígbà tí wọ́n ń gbé iyọ̀ àti èso óákù.

Ní ti pápá inú àfonífojì, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ Totuya. Láti ìgbà tí a ti lé àwọn onílẹ̀, iná ọdọọdún dáwọ́ dúró. Àwọn olùṣọ́ rò pé ọ̀tá igbó ni iná jẹ́, wọ́n sì ń pa á níbikíbi tí wọ́n bá ti rí i. Ọmọ igi páìnì àti kédárì hù, wọ́n sì bo pápá. Igi óákù kò rí oòrùn mọ́. Ewé gbígbẹ kó jọ ní ìsàlẹ̀, títí iná kékeré tí ìbá jó díẹ̀ fi lè di iná ńlá tí ń jó ohun gbogbo. Galen Clark rí i ní ìgbà tirẹ̀. Ní ọdún 1894 ó kọ̀wé pé pápá gbangba ti dín kù gidigidi sí ti ìgbà tí òun kọ́kọ́ dé, ó sì mọ̀ pé nítorí pé iná àwọn onílẹ̀ kò sí mọ́ ni. A kò fi etí sí i. Nítorí náà, nígbà tí Totuya wí ní ọdún 1929 pé ilẹ̀ náà dọ̀tí, tí igbó sì kún un, òótọ́ ni ó sọ. Ó wo ilẹ̀ náà bí ìyálé ilé ti ń wo àgbàlá tí a kò gbá fún ọdún 78.

Síbẹ̀, ìwà kò yí padà kánkán. Ní ọdún 1969, a wó abúlé ìkẹyìn tí àwọn onílẹ̀ ń gbé nínú àfonífojì náà. Ní nǹkan bí ọdún 1970 ni àwọn olùṣọ́ ọgbà bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ ara wọn dá iná sí igbó, pẹ̀lú ìṣọ́ra, nítorí pé wọ́n ti rí ohun tí àìsí iná ti ṣe. Ní ọdún 2018, ọgbà náà bá àwọn ọmọ onílẹ̀ ṣe àdéhùn pé kí wọ́n tún ibi abúlé náà kọ́, kí ó lè jẹ́ ibi ìpàdé àti ibi àṣà wọn.

IX. Ohun Tí A Lè Rí Kọ́

Ẹ̀yin ènìyàn mi, a ti dé òpin. Mo béèrè ní ìbẹ̀rẹ̀ pé ta ni ó ríran. Èmi kò wí pé arìnrìn-àjò kò rí ohunkóhun. Bí kò bá sí àwọn tí ó fi ẹsẹ̀ rìn ní Yosemite tí wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀, àáké àti agbo àgùntàn ìbá ti jẹ ẹ́ tán. Ìfẹ́ wọn gba igi là, ó gba odò là. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí kò béèrè ẹni tí ó ni ilé kò lè mọ bí a ti ń tọ́jú ilé. Àwọn tí ó fẹ́ràn pápá náà ni ó jẹ́ kí pápá náà di igbó, nítorí pé wọn kò mọ ẹni tí ó sọ ọ́ di pápá. Bí àìṣòdodo ti pa ènìyàn lára, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó pa ilẹ̀ lára.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹsẹ̀ yín ṣì le, bí ẹ bá láǹfààní àti gun òkè, yálà nítòsí tàbí ní òkèèrè, ẹ gùn ún. Ìrìn ẹsẹ̀ dára fún ara, ó sì dára fún ọkàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ibi tí ẹwà rẹ̀ yà yín lẹ́nu, kí ẹ tó wí pé ọwọ́ ènìyàn kò kàn án rí, ẹ wo ojú òkúta bóyá ihò odó wà níbẹ̀. Ẹ béèrè ẹni tí ó la ọ̀nà tí ẹ gbà. Ẹ béèrè orúkọ tí ibẹ̀ ń jẹ́ kí àlejò tó fún un ní òmíràn. Ẹ sì béèrè ibi tí àwọn ọmọ onílẹ̀ wà nísinsìnyí. Àwọn baba wa wí pé àjò kì í dùn kí onílé má rèlé. Totuya jẹ́ ọmọdé nígbà tí a lé e, ó sì di arúgbó kí ó tó padà wá wo ilé rẹ̀. Nígbà tí ó sì dé, ó ṣì mọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe níbẹ̀. Ìbá ṣe pé ẹnì kan ti bi í léèrè ni.